Ọjà Tó Ń Tiro

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní ìlú náà ni bí ọjà rẹ̀ ṣe dákẹ́ tó. Ọjọ́ ọjà ni mo dé, láàárọ̀, nígbà tó yẹ kí ariwo ti máa pàdé ènìyàn létí ìlú, ṣùgbọ́n ìró kẹ̀kẹ́ mi nìkan ni mo ń gbọ́. Ìlú kékeré kan ni, ó kọjá Ìyànà Ọ̀fà síwájú díẹ̀, níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ ti yà wọ inú oko kòkó. Àárín rẹ̀ gan-an ni ọjà wà: igi odán méjì, ìsọ̀ tó yí wọn ká, ilé Baálẹ̀ lápá kan, ṣọ́ọ̀bù àwọn aláṣọ lápá kejì, àti adágún omi kan nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí gbogbo ìlú ń pọn. Wọ́n sọ fún mi pé nígbà kan rí, àwọn alájàpá Ìbàdàn máa ń fi lọ́rì mẹ́ta, mẹ́rin wá kó èlùbọ́, obì àti ata níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo dé, lọ́rì kan ṣoṣo ni mo rí, awakọ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ sọ̀kalẹ̀.

Mo wò yíká, mo sì rí ìdí rẹ̀. Àwọn tó jókòó ti ọjà na ẹsẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń yáàrùn. Wọ́n di ewé olúgànbe mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, àwọn mìíràn dì í mọ́ orúnkún. Ẹni tó bá fẹ́ dìde, ọ̀pá ló ń fi dìde. Sòbìà ni, aràn tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, tó gùn tó apá ènìyàn, tó máa ń bẹ́ jáde lẹ́sẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò wọ́pọ̀ kó pa ènìyàn, àmọ́ ó lè dá ni jókòó fún oṣù méjì, mẹ́ta. Òkìkí ti kàn dé Ìbàdàn pé ẹni tó bá mu omi ọjà yẹn lónìí, àmọ́dún ni yóò máa tiro. Ni àwọn oníbàárà bá ń kọjá lọ sí ọjà mìíràn.

Ọdún díẹ̀ kí a tó gba òmìnira ni mò ń wí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ wolé-wolé ni, ọmọ tíṣà ìjọ láti Ìrókò. Mo wọ ṣòkòtò káákí tí mo lọ̀ títí ó fi le bí pátákó, mo dé akoto, mo sì gbà pé kò sí ohun tí n kò mọ̀. Kí n tó kúrò ní Ìbàdàn, ọ̀gá mi ti pè mí sí yàrá wọn.

"Bí omi ọjà yẹn kò bá dára títí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀," ni wọ́n wí, "a ó kó ọjà náà lọ sí etí títì. Káńsù kò ní náwó síbi tí àìsàn jókòó sí."

Bí wọ́n bá kó ọjà kúrò níbẹ̀, ìlú náà tán nìyẹn, nítorí kò sí ohun mìíràn tó so àdúgbò kan mọ́ èkejì níbẹ̀. Èmi kò rò ó bẹ́ẹ̀. Ìgbéga tí wọn yóò fún mi ni mò ń rò.

Ìyálọ́jà gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n gbé omi fún mi nínú igbá. Òùngbẹ ti gbẹ mí lórí kẹ̀kẹ́. Mo mọ ohun tí wọ́n kọ́ mi nípa omi tí a kò sè, síbẹ̀ mo gbé e dà sọ́fun, mo ní wọ́n ṣeun. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ti ń se omi mi, n kò sì tún fi ẹnu kan èyí tí a kò sè mọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí adágún. Mo bá obìnrin kan tí sòbìà ń jó lẹ́sẹ̀ bí iná, ó ki ẹsẹ̀ náà bọ omi kó lè tù ú lára, ẹlòmíràn sì ń pọnmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí àrùn náà ṣe ń ràn gan-an nìyẹn: ohun tó bá jáde láti ẹsẹ̀ ẹnìkan sínú omi, ẹlòmíràn yóò gbé e mu, lẹ́yìn ọdún kan gbáko, ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà yóò bẹ́. Àgbà ni ó yẹ kí n lọ bá, kí n jókòó tì wọ́n kí n ṣàlàyé. Dípò bẹ́ẹ̀, wáyà ẹlẹ́gùn-ún ni mo rà. Lébìrà méjì bá mi fi yí adágún ká, mo sì kan pátákó mọ́ ọn, mo kọ "ÈÈWỌ̀" sí i gàdàgbà. Inú mi dùn sí ìkọ̀wé ara mi, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó lè kà á nílùú kò ju ìwọ̀nba lọ.

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e ni ọ̀rọ̀ di wàhálà. Àwọn obìnrin dé pẹ̀lú ìkòkò lórí, wọ́n bá mi lẹ́nu ọ̀nà adágún. Ìyá kan tó ń ta ìkòkò lọ́jà ló ṣáájú wọn, ẹsẹ̀ wọn òsì wú, ewé ni wọ́n dì mọ́ ọn.

"Ọmọ mi, yà fún mi," ni ìyá oníkòkò wí.

"Òfin káńsù ni, Ìyá. Ẹ lọ pọnmi lódò ẹ̀yìn oko."

"Ó ju máìlì méjì lọ. Ẹsẹ̀ wo ni kí n fi rìn ín?"

Mo kàn na ọwọ́ kí n dá wọn dúró, ọwọ́ mi kan ìkòkò orí wọn, ó já bọ́, ó sì fọ́ wẹ́wẹ́ lórí òkúta. Bàbá arúgbó tó jẹ́ àwòrò omi náà, tí ìdílé wọn ló ni adágún láti ìṣẹ̀dálẹ̀, rọra la àárín èrò kọjá, wọ́n sì dúró níwájú mi.

"Wolé-wolé," ni wọ́n wí, "ta lo bi léèrè kí o tó fi wáyà de omi àwọn bàbá wa?"

Ẹ̀rù ti ń bà mí, ìgbéraga sì ni ẹ̀rù máa ń wọ̀ láṣọ lára ọ̀dọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin àti òrìṣà yín lẹ̀ ń dá àwọn èèyàn yìí lóró."

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu mi tí mo fi mọ̀ pé mo ti ṣìwà hù. Ẹnìkan pariwo. Mo rí àwọn ọkùnrin tó ń sáré bọ̀ láti àgbẹ̀dẹ, àdá tí wọ́n wá pọ́n wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn lébìrà mi ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìyálọ́jà ló bọ́ sáàárín. Wọ́n tú gèlè orí wọn, wọ́n nà án síwájú mi bí ẹni tó fi ṣe odi.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ọmọ ọlọ́mọ ni." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ọjà lo wá tì, a ó bá ọ tì í."

Wọ́n ní kí àwọn obìnrin palẹ̀ mọ́. Kí oòrùn tó dé àtàrí, ọjà ti ṣófo. Odindi ọjọ́ ọjà mẹ́ta ni ẹnikẹ́ni kò pàtẹ. Ewúrẹ́ ló ń sùn sábẹ́ igi odán, àwọn aláṣọ ti ilẹ̀kùn. Èmi tí wọ́n rán wá wo ọjà sàn, èmi ni mo pa á. Bí mo bá ń kọjá, àwọn ènìyàn á kẹ̀yìn sí mi títí n ó fi kọjá tán. Lẹ́yìn náà ni ìwé dé láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi pé àwọn ti ń wá ilẹ̀ tí àwọn yóò wọ̀n létí títì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo bọ́ akoto sílẹ̀, mo gba ilé àwòrò lọ, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà wọn. Bàbá náà jẹ́ kí n pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n ń gé obì wọn lọ.

"Nígbà èwe mi," ni wọ́n wá sọ, "ẹsẹ̀ kì í kan omi yẹn. Pákó la tẹ́ sétí rẹ̀, igbá tí a so mọ́ ọ̀pá la fi ń bù ú. Ẹni tó bá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ewúrẹ́ ni yóò fi tù ú lójú. Ọ̀nà ọkọ̀ dé, èrò pọ̀, ta ló tún ka èèwọ̀ sí? Omi ń bínú, ó sì ń jà."

Mo dìde jókòó. Mo ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ tó ń wọ inú omi yẹn náà lèmi ń bá jà."

A jiyàn títí di ọ̀sán. Bàbá kò gbà pé aràn wà nínú omi, èmi náà kò gbà pé omi ń bínú. Nígbẹ̀yìn wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìwọ pè é ní aràn, èmi pè é ní ìbínú. Ẹsẹ̀ ni kó ṣáà jáde níbẹ̀."

Èmi àti bàbá la jọ tú wáyà náà lójú gbogbo ìlú. A tẹ́ pákó, bàbá sì fi ẹnu ara wọn kéde èèwọ̀ náà padà. Mo ra ìkòkò tuntun, mo gbé e lọ fún ìyá oníkòkò. Wọ́n gbà á, wọ́n yẹ ìdí rẹ̀ wò, wọ́n gbé e wọlé. Ìyálọ́jà ní kí wọ́n ṣí ọjà padà. Wọ́n ní, "Kí sòbìà tó degbò là á ké sí olúgànbe. Tiwa ti degbò, ẹ jẹ́ ká tọ́jú egbò." Wọ́n yan obìnrin méjì méjì tí yóò máa ṣọ́ omi, wọ́n sì pàṣẹ pé kí ilé kọ̀ọ̀kan máa fi aṣọ funfun sẹ́ omi kó tó dé inú àmù. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kànga láàárín igi odán méjèèjì. Wọ́n kan àpáta, wọ́n dáná lé e lórí, wọ́n da omi tútù sí i kó lè sán, wọ́n tún ń gbẹ́. Ó tó oṣù mẹ́rin kí omi tó sun.

Síbẹ̀, nígbà tí ọyẹ́ dé, sòbìà tún bẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀, torí omi tí wọ́n ti mu kí a tó tún un ṣe ló ń jáde, ṣùgbọ́n ta ni n ó sọ fún? Wọ́n ń pè mí lójú ọ̀nà: "Wolé-wolé, omi rẹ dà?" Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan èmi náà rí ìléròrò kan lọ́rùn ẹsẹ̀ mi ọ̀tún. Ó ń jó mi bí ẹni pé wọ́n fi ẹyin iná lé e. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ojú tì mí débi pé mo fi ìbọ̀sẹ̀ gígùn bò ó fún ọjọ́ mẹ́rin, mò ń rìn bí ẹni tí kò sí ohun tó ṣe é.

Ọjọ́ karùn-ún ni ọ̀gá mi dé nínú ọkọ̀ káńsù, pẹ̀lú ọkùnrin kan tí yóò wọn ilẹ̀ létí títì. Wọ́n rìn yí ọjà ká, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ tí a di ewé mọ́ lọ́tùn-ún lósì. Ìyálọ́jà, àwòrò àti Baálẹ̀ ń tẹ̀lé wọn.

"O ti kùnà," ni ọ̀gá mi sọ fún mi. "Ọjà yìí ń lọ."

N kò mọ ibi tí ìgboyà náà ti wá. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fa ìbọ̀sẹ̀ sílẹ̀ lójú gbogbo èrò. Sòbìà ti yọ orí. Mo gbọ́ bí àwọn obìnrin ṣe kígbe.

"Ọ̀gá, ẹ wò ó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo mu omi yẹn, lọ́jọ́ tí mo dé, ó pé ọdún kan báyìí. Ẹsẹ̀ tí ẹ ń kà yìí, ti èṣí ni gbogbo rẹ̀. Ẹ fún wa ní ẹ̀ẹ̀rùn kan sí i."

Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi títí, wọ́n wo kànga, wọ́n sì wo ojú Ìyálọ́jà. "Ẹ̀ẹ̀rùn kan," ni wọ́n wí. "Kò ní sí òmíràn."

Ìyá oníkòkò ló tọ́jú mi. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá, wọ́n á ká aràn náà mọ́ igi ìṣáná díẹ̀díẹ̀ kó má baà já. Bí mo bá kérora, wọ́n á ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ òfin," wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ ẹ̀rín wọn rí ṣáájú ìgbà yẹn.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni mo mọ bí dídúró de nǹkan ṣe ń rí. Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, àràárọ̀ ni mò ń jí wo ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn kí n tó wo ojú wọn. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, méjì kọjá. Sòbìà ẹnìkan bẹ́ nílé Baálẹ̀, mo sáré lọ wò ó, ṣùgbọ́n àlejò ni, láti abúlé mìíràn ló ti gbé e wá. Oṣù kan kọjá. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá mi padà wá, ẹni mẹ́rin péré ni wọ́n rí tó di ewé mọ́ ẹsẹ̀. Wọn kò sọ pé mo ṣeun. Wọ́n ra ata, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n lọ. Bí ọjọ́ ọjà kan ṣe ń tẹ̀lé òmíràn, àwọn lọ́rì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í padà.

Mo ti darúgbó báyìí. Mo ṣiṣẹ́ nílùú púpọ̀ lẹ́yìn ibẹ̀, mo gba ìgbéga tí mò ń wá nígbà náà, n kò sì rántí ọjọ́ tí wọ́n fún mi. Àwọn àgbà ọjọ́ náà ti lọ tán. Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi fi mọ́tò gbé mi kọjá níbẹ̀, mo ní kó dúró. Ọjà ti kún dé etí títì fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tó kó o. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń ta káàdì fóònù fún mi ní bẹ́ǹṣì, mo sì sọ fún un pé díẹ̀ ló kù kí sòbìà pa ọjà yìí nígbà kan.

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ má bínú, Bàbá, kí ni wọ́n ń pè ní sòbìà?"

Ó kọ́kọ́ dùn mí díẹ̀, n kò ní purọ́. Mo la ẹnu láti ṣàlàyé, àmọ́ oníbàárà kan pè é lódìkejì, ó fò dìde, ó sáré lọ bá a. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń wo ẹsẹ̀ àwọn èrò ọjà bí wọ́n ṣe ń kọjá.