Okùn Ọrùn Omidásí

Ẹ sún àga yín mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ kó tètè mu omi, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń dìde láàárín rẹ̀. Òórùn ni yóò kọ́kọ́ mú wa débẹ̀: òórùn ẹja tí wọ́n ń fi èèpo àgbọn yan, tó dà pọ̀ mọ́ òórùn ẹrẹ̀ ọ̀sà nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn láàárọ̀. Níbikíbi tí mo bá ti gbóòórùn méjèèjì pọ̀, mo ti padà sí abúlé wa lápá Ẹlẹ́kọ nìyẹn, níbi tí òkun wà lápá kan, tí ọ̀sà wà lápá kejì, tó jẹ́ iyanrìn àti igi àgbọn nìkan ló wà láàárín wọn. Ìgbà náà ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí gbogbo mọ́tò máa gba apá ọ̀tún. Nígbà tí bàbá mi gbọ́ ọ lórí rédíò, ó ní, "Kí wọ́n ṣáà má sọ fún ẹja o." Ọkọ̀ ojú omi ni tiwa, títì ọlọ́dà kò tíì mọ ọ̀nà ilé wa.

Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá mi ni mo ń sùn. Ìyá Àgbà ni gbogbo ilé ń pè é. Ìgèrè ló ń dẹ, ìyẹn apẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́nu tóóró tí ẹja ń wọ̀ tí kì í lè jáde mọ́. Ó ń so wọ́n mọ́ àwọn igi tí a rì mọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀sà. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú nígbà náà, nítorí náà èmi ni mò ń wa ọkọ̀, òun yóò wá na ọwọ́ sínú omi, yóò máa fi ìka wá okùn. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní àárọ̀ ọjọ́ tó fa okùn kan tó ní ó wúwo jù.

"Ẹja ńlá nìyẹn, Ìyá Àgbà."

"Ẹja kì í sunkún," ó dá mi lóhùn.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ wò ó. Àpò ìrẹsì ni, ẹnu rẹ̀ wà ní dídì gírígírí. Omi ló gbé e wá há sára igi wa, tí apá kan rẹ̀ fi yọ lójú omi. Ẹnì kan níbòmíràn ló ti kó ọmọ ajá tí kò fẹ́ sínú rẹ̀. Márùn-ún ni wọ́n. Mẹ́rin ti tutù. Ìkarùn-ún gun orí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ tó ti kú, imú rẹ̀ nìkan ló kan afẹ́fẹ́. Ìyá Àgbà tú gèlè orí rẹ̀, ó fi wé e, ó sì tì í bọ àyà. A kò gbé ìgèrè kankan mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Bàbá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú búútà àlùwàlá lọ́wọ́. "Ìyá, ilé mùsùlùmí mà nìyí o."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo bí mùsùlùmí tó ń sọ̀rọ̀."

"Itọ́ ajá ń ba àlùwàlá jẹ́."

"Ta ló ní kí o jẹ́ kó lá ọ? Bí o bá fẹ́ kó kú, gbà á, kí o fi ọwọ́ ara rẹ dá a padà sómi."

Bàbá wo ọmọ ajá. Ọmọ ajá sín. Ìyá mi tó ń da ẹ̀kọ gbígbóná nínú ilé ìdáná bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó ti kí yín o, ẹ dá a lóhùn." Bí ó ṣe di ará ilé wa nìyẹn. Bàbá fi òfin lé e: kò gbọdọ̀ kọjá ìloro, agolo tirẹ̀ ni yóò máa fi jẹun, inú ọkọ̀ tó ti fọ́ lẹ́yìn ilé ìdáná ni yóò máa sùn. Ìyá mi ń fi àkísà rẹ ẹ̀kọ sí i lẹ́nu bí ẹni ń rọ ọmọ. Ìyá Àgbà sọ ọ́ ní Omidásí, nítorí omi ló dá a sí. Kí oṣù méjì tó pé, mo rí bàbá mi, ẹni tó ṣòfin, tó ń yọ orí ẹja sápá kan nínú agbada, tó sì ń wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń wo òun.

Nígbà tí ọdún kejì fi máa pé, ojú Ìyá Àgbà ti kú pátápátá. Kò sẹ́ni tó kọ́ ajá náà níṣẹ́ kankan. Ó kàn ṣẹlẹ̀ pé ibi tí ìyá náà bá ń lọ lòun náà ń lọ, títí ó fi di pé òun ló ń mú un lọ. Ìyá Àgbà kò ju okùn tí wọ́n fi di ẹnu àpò ọjọ́sí nù. Ó fi okùn àgbọn lọ́ ọ gùn, ó so ó mọ́ ajá lọ́rùn, ó sì di ìdí rẹ̀ mú. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun àsárì, àwọn méjèèjì á jọ lọ sí èbúté láti lọ gbọ́ ìròyìn lẹ́nu àwọn tó ń ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀. Àfárá pákó ló wà níbẹ̀, pákó kan ti jẹrà láàárín rẹ̀, ó ti dihò. Bí wọ́n bá dé ìdí ihò náà, Omidásí á dúró, á fi ara dí Ìyá Àgbà lẹ́sẹ̀ títí yóò fi gbé ẹsẹ̀ ga kọjá. Bàbá ń sọ ọ́ lọ́dọọdún pé òun máa tún pákó yẹn ṣe. Ajá ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wa fi gbàgbé pé ihò wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀.

Ìdílé onímọ̀ kéwú kan ní Ẹ̀pẹ́ ló wá tọrọ mi. Mo fẹ́ràn ọmọkùnrin náà, èmi kò ní purọ́. Ní ọjọ́ tí wọ́n wá dá ọjọ́ wòlímọ̀ àti yìgì, Omidásí jókòó sí ìloro, ó ń wo bàtà àlejò. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin tó sì mú bí abẹ, ní, "Ìyàwó wa, ṣé ìwọ àti ajá yìí la jọ ń gbé lọ ni? Ilé tí ajá bá wà, màláíkà kì í yà á o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára bí egungun ẹja tó há sọ́fun, tí ènìyàn ń gbé òkèlè mì tì í tí kò lọ.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní àárọ̀ ọjọ́ wòlímọ̀ mi, kí ẹnikẹ́ni tó jí, mo fa Omidásí lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, mo sì fi okùn ara rẹ̀ so ó mọ́ igi àgbọn. Ẹnikẹ́ni kò rán mi níṣẹ́. Kókó apẹja ni mo ta, èyí tí bàbá mi kọ́ mi, tí ó jẹ́ pé bí ohun tó dè bá ṣe ń fà á tó ni yóò ṣe máa le sí i.

Ìyá Àgbà ti wọ aṣọ tuntun, ó jókòó sórí ẹní nínú yàrá. "Omidásí dà?"

"Ó ń jẹun lẹ́yìn ilé, Ìyá Àgbà. Ó ń bọ̀."

Irọ́ tí mo pa fún un kẹ́yìn láyé nìyẹn.

Ní ọ̀dọ̀ wa, àgbà ilé ló máa ń pàdé àna ní èbúté, yóò bu omi tútù fún wọn kí wọ́n tó wọ abúlé. Ìyá Àgbà ti ń múra iṣẹ́ yìí sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ti dá igbá kan yà sọ́tọ̀ fún un, ó sì ti fi kàìnkàìn fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wọn, kí tiwa tó gbọ́. Ohun tí kò mọ̀, tí àwa náà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ni pé ọkọ̀ tí wọ́n háyà tóbi ju àfárá wa lọ. Etí iyanrìn lápá kejì ni wọ́n gúnlẹ̀ sí. Gbogbo ilé sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ pàdé wọn níbẹ̀ pẹ̀lú ìlù pẹrẹsẹ àti orin. A rò pé Ìyá Àgbà wà nínú yàrá.

Ajá bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Kì í ṣe bó ṣe máa ń gbó sí àlejò. Ẹnì kan ní, "Ajá yìí ò tiẹ̀ mọ ọjọ́ ìnáwó." Ara mi gbóná, nítorí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti ń wọlé. Mo fi láwàní funfun lórí sáré lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, mo mú ìgbálẹ̀, mo nà án lẹ́ẹ̀mejì. "Dákẹ́! Ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni?" Kò wo ìgbálẹ̀, kò wo èmi. Ọ̀nà èbúté ló ń wò. Okùn ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Mo rí ibi tó ń wò, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo rí i, n kò sì yíjú síbẹ̀.

Mo padà lọ jókòó síwájú Ààfáà, mo ń ka Kùránì. Ohùn mi dùn lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ènìyàn ló sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo fi máa parí, ajá ti dákẹ́ gbígbó. Ó ń hu. Bàbá mi dìde, ó wọ yàrá, ó jáde. "Ìyá ńkọ́?" Mo sáré lọ tú Omidásí. Kókó náà kò tú. Mo fi eyín fà á, kò tú, àfìgbà tí bàbá mi fi ọ̀bẹ gé okùn. Ajá kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ó lọ tààrà síbi ihò àfárá, ó dúró síbẹ̀, ó fi ara dí ọ̀nà bó ti máa ń ṣe é. Igbá tó ń dán náà ń léfòó lójú omi nísàlẹ̀ rẹ̀.

A gbé Ìyá Àgbà jáde nínú omi, a sì sin ín lọ́jọ́ náà, bí ẹ̀sìn ṣe wí. Kò sí aṣọ funfun nílé ju èyí tí wọ́n rà fún wòlímọ̀ mi lọ. Òun ni wọ́n fi wé e.

Níbi fídáù ọjọ́ kẹjọ, Ààfáà rí Omidásí tó dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ìloro, ọrùn rẹ̀ ti bó. Ó bèèrè ohun tó ṣe é, ìyá mi sì sọ fún un. Ààfáà wo ọrùn náà dáadáa. Ó ní, "Ajá tó ń ṣiṣẹ́ ni. Ajá ọdẹ, ajá tó ń ṣọ́ ẹran, ẹ̀sìn gbà wọ́n láyè. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí òun àti Ìyá lọ́nà, mo sì ń kí wọn. Bí ẹ bá ti bi mí ni..."

Bàbá ní pákó tí òun kò tún ṣe ló fà á. Ìyá mi ní òun ló yẹ kó jókòó ti ìyá ọkọ òun. Kálukú bu ẹ̀bi tirẹ̀ bí ẹni ń pín ẹja létí omi, wọn kò sì bù fún mi, nítorí pé ìyàwó ni mí. Èmi mọ ọwọ́ tó ta kókó. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, tí mo ti bímọ mẹ́ta, mo rán ẹ̀gbọ́n ọkọ mi létí ọ̀rọ̀ màláíkà yẹn. Ẹnu yà á gidigidi. "Èmi? Mo sọ bẹ́ẹ̀ rí?" Kò purọ́. Ẹ̀fẹ̀ ni, ó ti ṣe é, ó ti gbàgbé.

Ìgèrè Ìyá Àgbà di ti bàbá mi, ó sì tún àfárá ṣe kí ó tó dẹ ẹyọ kan nínú wọn. Agbada àti àgbá ẹja yíyan di ti àbúrò bàbá mi obìnrin. Ẹní ìrun rẹ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Igbá náà, ìyá mi ló gbé e pa mọ́. Ajá ni wọ́n pín fún mi. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló gbé e wọ ọkọ̀, ó sì kan ilé fún un lẹ́yìn tiwa ní Ẹ̀pẹ́. Omidásí jẹun lọ́wọ́ mi, ó ṣọ́ àwọn ọmọ mi, ṣùgbọ́n títí ó fi darúgbó tó sì kú, kò jẹ́ kí n fi okùn kankan kan ọrùn rẹ̀. N kò sì bá a jà.

Èbúté yẹn kò sí mọ́. Wọ́n ti fi iyanrìn dí i, tírélà tó ń lọ sí pọ́ọ̀tù ló ń gba orí rẹ̀ kọjá. Okùn náà wà nínú àpótí mi, kókó ọjọ́ náà ṣì wà lójú rẹ̀. N kò tú u. Àwọn ọmọ ọmọ mi máa ń fi mí rẹ́rìn-ín pé bí ajá aládùúgbò bá ti gbó báyìí, Màmá á ti wá bàtà. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ. Èmi kì í sọ fún ajá pé kó dákẹ́ mọ́. Mo máa ń dìde, mo máa ń lọ wo ibi tó kọjú sí.