Ọ̀bẹ Tí Kò Wọ Agolo

Ọ̀bẹ kékeré, irú èyí tó máa ń ká wọ inú èkù ara rẹ̀, ni èmi àti bàbá mi ń kó jọ. Inú agolo bisikíìtì kan la ń kó wọn sí, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá mi ní Ifọ̀. Tí mo bá sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ ní Mowé, wọ́n á wò mí bí ẹni tó sọ pé òun ń sin ejò. Wọ́n á ní kí ni obìnrin fẹ́ fi ọ̀bẹ ṣe ju kó fi gé ẹ̀fọ́ lọ. Ẹni tó ń ra bàtà rẹpẹtẹ fún ẹsẹ̀ méjì péré kò lẹ́nu láti bi mí.

Àbí kí ló tún lẹ́wà tó o? Ọ̀bẹ ilé ìdáná ń ṣí ẹnu sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti àárọ̀ títí di alẹ́. Àdá náà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tó ń ká yìí ní ìtìjú. Ó mọ ìgbà tó yẹ kó yọjú, tó bá sì ti ṣiṣẹ́ tán, á padà wọlé. Àwọn àgbà ní idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ti ọ̀bẹ yìí kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí èkù rẹ̀ náà ni ilé rẹ̀, tí wọ́n bá sì ṣe é dáadáa, ẹnu rẹ̀ kì í kan ògiri ilé náà rárá.

Rélùwéè ni bàbá mi bá ṣiṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Láti Ifọ̀ títí dé òkè Ọya, kò sí ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti dúró tí kì í yẹ ọjà àwọn tó ń kiri wò. Ọ̀kan nínú ọ̀bẹ rẹ̀ ní èkù tí wọ́n fi ìwo màlúù ṣe, ó dúdú, ó ń dán bíi kóró iṣin. Òmíràn jẹ́ egungun, ó sì ti pọ́n díẹ̀ nítorí obì tó ti ń là látọdúnmọ́dún. Èyí tí mo fẹ́ràn jù kéré débi pé tí mo bá dì í mọ́wọ́, ẹ ò ní mọ̀ pé mo mú nǹkan kan dání. Idẹ ni wọ́n fi dè é lórí àti nídìí, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí kò kánjú. Ọjọ́ tí mo ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù iṣẹ́ aránṣọ ni bàbá mi fi fún mi, inú pọ́ọ̀sì mi ló sì ń gbé láti ọjọ́ náà.

Bí èmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀bẹ kiri nìyẹn. Tí mo bá rí ọ̀kan, màá gbé e lọ sí Ifọ̀, nítorí òfin wa ni pé ọ̀bẹ kankan kò gbọdọ̀ wọ agolo àfi tí àwa méjèèjì bá gbà á. Èmi máa ń gbà. Òun ló máa ń kọ̀. Á ṣí i, á pa á dé lẹ́bàá etí rẹ̀, á fi ìka tọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Á wá ní ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù, tàbí pé òjò ló ń lé ẹni tó ṣe é bọ̀. Inú á bí mi. Màá gbé ọ̀bẹ mi padà sí Mowé, màá máa fi gé òwú. Kò ní pẹ́ tí màá fi rí i pé òótọ́ ló sọ. Mi ò tíì rí ẹlòmíràn tí ojú rẹ̀ mọ ohun tó dára bíi ti bàbá mi.

Lọ́dún tó kọjá, àìsàn gbé e ṣánlẹ̀, ó sì gba apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Ẹsẹ̀ ti ń bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò padà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ já gaara, ọpọlọ rẹ̀ sì pé. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n jọ ń gbé ló wá ń bó ọsàn fún un. Bàbá mi tó jẹ́ pé òun ló máa ń bó ọsàn fún gbogbo àlejò tó bá wọlé, tí èèpo á máa wálẹ̀ láìjá títí tó fi máa tán.

Èyí tó dùn mí jù kọ́ nìyẹn. Mo gbé ọ̀bẹ tuntun kan lọ fún un, ó ní ó dára. Mo gbé òmíràn lọ, èyí tí èmi gan-an mọ̀ pé kò dára, tó ń mì nínú èkù bí eyín arúgbó. Ó ní, "Ó dára. Fi sínú agolo." Kò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Mo sunkún nínú mọ́tò lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù ló bà mí. Ẹni tí kò kọ nǹkan kan mọ́, tí gbogbo nǹkan dára lójú rẹ̀, ó jọ pé ó ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni mo tó mọ ohun tó ń ṣe é. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń kírun wá kí i, ó sì mú ọsàn wá. Ọkùnrin náà na ọ̀rá ọsàn sí i. Bàbá mi kò nawọ́. Ó ní kó gbé e síbẹ̀. Abẹ́ aṣọ tó fi bo itan ni ọwọ́ òsì rẹ̀ wà. Àlejò lọ tán ni mo rí i tó yọ ọwọ́ náà jáde, tó mú ọsàn kan, tó sì gbé e símú. Ọwọ́ náà kò gbọ̀n rárá.

Kì í ṣe pé kò lè di ọ̀bẹ mú. Ojú ló ń tì í. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, òun náà ló sì kọ́ wa, tó máa ń gbá wa lọ́wọ́ tí a bá fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ó wá di pé òsì yẹn nìkan ló kù ú kù. N kò lè là á mọ́ ọn lójú, torí ọmọ kì í bá bàbá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí n wá ọ̀bẹ tí ọwọ́ òsì nìkan lè ṣí, bóyá ọ̀bẹ náà á bá mi sọ ọ́.

Gbogbo ọ̀bẹ inú agolo ló ń fẹ́ ọwọ́ méjì: ọ̀kan á di èkù mú, èékánná èkejì á fa ojú ọ̀bẹ jáde. Mo lọ bá ọkùnrin kan tó ń pàtẹ irinṣẹ́ tòkunbọ̀ sẹ́bàá títì ní Ìbàfò. Mo rí ọ̀kan níbẹ̀ tó rẹwà gan-an, tó ní bọ́tìnì kékeré lára tí àtàǹpàkò fi ń tì í ṣí. Mo rà á. Mo dé Mowé, mo fi ìborùn de ọwọ́ ọ̀tún mi mọ́ ara, mo fi òsì gbìyànjú rẹ̀. Kò ṣí. Ẹ̀gbẹ́ kan péré ni bọ́tìnì yẹn wà, ẹ̀gbẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Àṣé òyìnbó tó ṣe é kò ka ọwọ́ òsì sí.

Mo padà lọ. Ọkùnrin náà ní, "Mọ́mì, òríjínà lèyí tí mo fún yín now. Kí ló tún ṣe é?" Mo ní kó ti ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ àpò kó wá ṣí i fún mi. Ó gbìyànjú, ó rẹ́rìn-ín, a sì jọ bẹ̀rẹ̀ sí tú àtẹ rẹ̀ wò. Abẹ́ àwọn sípánà la ti rí ọ̀kan tí wọ́n lu ihò róbótó sí lójú, tí ihò náà já sí òdìkejì, tó fi jẹ́ pé àtàǹpàkò ọ̀tún tàbí ti òsì lè tì í. Ẹ̀yìn èkù ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ kó tó padé, téèyàn á sì fi ara itan tì í wọlé. Rọ́bà ni èkù rẹ̀, ó sì ki pọ́pọ́. Kò lẹ́wà rárá, ṣùgbọ́n òun ni mo rà.

Nígbà tí mo dé Ifọ̀, mo gbé e sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi pẹ̀lú ọsàn kan, mo wọ ilé ìdáná lọ bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ níbẹ̀. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí n tó gbọ́ ìró ọ̀bẹ tó ṣí: kọ́. Ó dákẹ́. Ó tún dún.

Mo yọjú. Bàbá mi ti gbé ọsàn sórí itan, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún tí kò lè di nǹkan mú lé e lórí kó má baà yí, òsì sì ń bó o lọ. Èèpo ń já ní kékeré kékeré, ó ń bọ́ sílẹ̀. Mo wọlé, kò sì gbé ọwọ́ náà pamọ́.

"Ọ̀bẹ yìí burẹ́wà," ó ní. "Ariwo rẹ̀ pọ̀. Ta ló ṣe irú èkù yìí? Kò ní wọ agolo."

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ẹ̀ jó. Ó ní kí n gbé agolo wá. Ó fi òsì tú u wò, ó yọ ọ̀kan tó ń mì bí eyín arúgbó yẹn, ó bi mí pé ta ló gba èyí wọlé. Mo ní, "Ẹ̀yin náà ni, bàbá." Ó pòṣé, ó jù ú sí mi. Lẹ́yìn náà ló gé orí ọsàn, ó fi itan pa ọ̀bẹ tó burẹ́wà náà dé, ó sì fi í sínú àpò àyà rẹ̀, ibi tí ọ̀bẹ máa ń wà kó tó ṣàìsàn.

Ó mú ọsàn náà, ó wò ó, ó sì wò mí. Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí mi.

"Má bínú," ó ní, "ọwọ́ òsì ni."

Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Mo ní ọwọ́ bàbá mi lèmi rí. Ọsàn náà kan gan-an, ṣùgbọ́n mo mu ún tán níṣojú rẹ̀.