Gíláàsì Tí A Jọ Dì Mú

Òórùn gọ́ọ̀mù gíláàsì, èyí tí àwọn tó ń ṣe fèrèsé máa ń fún jáde láti inú ike, kan bí ọsàn tó ti bà jẹ́. Òórùn yìí ló gba gbogbo pálọ̀ wa kan ní Ìkàrẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ tí mò ń sọ yìí. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà ni mo bí ọmọ wa àkọ́kọ́ lókùú. Láti ọjọ́ yẹn, ọkọ mi ò la ẹnu sọ gbólóhùn kan nípa rẹ̀. Ẹja ló gbájú mọ́. Ó ní òun máa ṣe àpótí gíláàsì ńlá tí ẹja á máa wẹ̀ nínú rẹ̀. Apá wa ò ká tuntun, ló bá lọ tú ṣókéèsì àlòkù kan palẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó ti kógbá wọlé ní Ọ̀kà, ó gbé gíláàsì rẹ̀ lé itan nínú takisí bọ̀ wálé. Ẹja! Inú bí mi débi pé bí mo bá ti gbọ́ ìró sáńpépà rẹ̀, eyín á máa kan mí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, mo ti di báàgì mi. Ilé ìyá mi ní Ọ̀kà ni mò ń lọ, n kò sì ní in lọ́kàn láti padà. Mo ní kí n kàn sọ fún un kí n tó máa lọ. Mo bá a lórí ìkúnlẹ̀. Ó ti fa gọ́ọ̀mù sí gbogbo igun, ó sì fi rọ́bà inú táyà, irú èyí tí àwọn ọlọ́kadà fi ń di ẹrù, gbá àpótí náà yí ká kó má bàa tú. Bí mo ṣe ní kí n sọ̀rọ̀, rọ́bà já pàá!

"Tíṣà, dì í mú!" Iṣẹ́ mi ló fi máa ń pè mí.

Ọwọ́ mi ti débẹ̀ kí n tó rò ó. Ó di apá kan mú, mo di apá kejì mú, àyà mi lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá yọwọ́, gbogbo rẹ̀ á fọ́ lé wa lẹ́sẹ̀. Mo pariwo títí, ta ni yóò dáhùn? Gbogbo ilé ti lọ kírun Jímọ̀. Háà, mo há! Òógùn ń ṣàn wọ ojú mi, n kò lè nù ún. Mò ń wo báàgì mi lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí mò ń sá fún gan-an ló wà níwájú mi yìí, gíláàsì nìkan ló là wá láàárín, kò sì síbi tí n lè gbójú sá sí.

Nígbà tó pẹ́, mo ní, "Kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ fi ẹja ṣe ná?"

Mo rò pé kò ní dáhùn, bó ṣe máa ń ṣe. Àfi bó ṣe fi iwájú orí ti gíláàsì. "Mo kàn fẹ́ kí nǹkan tó ń mí wà nínú ilé yìí pẹ̀lú wa ni."

Mo sunkún, òun náà sunkún, kò sẹ́ni tó lọ́wọ́ tó máa fi nu ojú.

Àlàájà tó ni ilé ló ti mọ́sálásí dé bá wa. Ó ké "Sùbùhánálláhì!", ó sáré wá okùn tó fi dì í. Ọwọ́ mi tú sílẹ̀ wàyí. Mo wo báàgì yẹn títí, mo bá lọ gbé ìrẹsì kaná.

Ọmọ ẹja àrọ̀ méje la kó sínú àpótí náà, ó sì ń jò ní igun kan títí tá a fi kó kúrò nílé yẹn. Kí n má purọ́ fún ọ, n kò mọ̀ bóyá ǹ bá dúró ká ní ọwọ́ mi ṣófo lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọkọ mi kì í lè sọ̀rọ̀ àfi bí ọwọ́ rẹ̀ bá dí, tí kò sì rí ibi sá sí. Nítorí náà, bí mo bá ti fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀, màá wá iṣẹ́ tó gba ènìyàn méjì. A jọ ń fún aṣọ ìbora lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ kan, kálukú di etí kan mú, nígbà tó béèrè nípa ọmọ tí kò lè wò lọ́jọ́ tí mo bí i.

"Ta ló jọ?"

"Ẹ̀yin ni," mo ní. "Ẹ̀yin ló jọ."