Pínnì Inú Àpò Lazarus

Ọmọ apẹja ni Lazarus Ikúmápàyí. Láti etíkun Ìlàjẹ ni bàbá rẹ̀ ti wá tẹ̀dó sí Bàríga, létí ọ̀sà, ibi tí ó ti kọ́ ọ ní àwọ̀n títún ṣe títí ìka rẹ̀ fi yá bí ìka alágbẹ̀dẹ góòlù. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tó lọ́wọ́ iṣẹ́ fún ibi tí wọ́n ti ń to bàálù n'Íkẹjà, ó lọ dán an wò, wọ́n sì gbà á. Nígbà tó fi máa di ọdún 1957, kò sẹ́ni tó lè tú ìrù bàálù palẹ̀ kó tò ó padà bíi tirẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, ó ṣíwọ́ lọ́sàn-án, ó gun kẹ̀kẹ́ délé. Leah ìyàwó rẹ̀ gba ṣòkòtò kakí rẹ̀ kó lè fọ̀ ọ́. Lazarus ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí obìnrin náà padà wọlé.

"Bàbá Sabina, mo rí nǹkan yìí lápò yín. Ṣé kí n sọ ọ́ nù?"

Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kò gùn ju èékánná lọ. Pínnì ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Òun ni wọ́n máa ń kì bọ nọ́ọ̀tì tó di wáyà ìrù bàálù mú, kí nọ́ọ̀tì náà má baà tú lókè. Bí wáyà yẹn bá já, awakọ̀ ò lè darí bàálù mọ́. Lazarus dìde nídìí oúnjẹ. Bàálù tó tò láàárọ̀ yẹn ń kó èrò mọ́kànlélógún lọ sí Kánò ní aago mẹ́rin, aago mẹ́ta sì ti kọjá dáadáa.

Ó gba pínnì náà lọ́wọ́ Leah, kò wọ bàtà. Ó gba ọ̀nà Pedro, ó já sí Obaníkòró, ó ń wa kẹ̀kẹ́ bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Bó ṣe dé ẹnu géètì pápá bàálù ni ariwo ẹ́ńjìnnì gba orí rẹ̀ kọjá. Ó gbójú sókè: bàálù náà ni.

Ó ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Ràsákì, àgbà òṣìṣẹ́ tó ń yẹ iṣẹ́ wọn wò kí bàálù tó gbéra, ló sáré wá bá a. Pínnì ni Lazarus nà sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò?"

Ojú Ràsákì ṣú. "N ò yẹ̀ ẹ́ wò. Torí pé iṣẹ́ ọwọ́ ẹ ni, mo kàn fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn dá Lazarus níjì ju ariwo ẹ́ńjìnnì lọ. Àwọn méjèèjì wọlé lọ jẹ́wọ́ fún òyìnbó ọ̀gá wọn. Kò bú wọn. Ó gbé fóònù, ó ní kí wọ́n fi rédíò pe awakọ̀ padà. Ìdajì wákàtí ni Lazarus fi dúró lórí koríko títí bàálù fi balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Òyìnbó gun àkàbà, ó ṣí ìrù, ó wá pe Lazarus pé kó gòkè wá fọwọ́ ara rẹ̀ kan nọ́ọ̀tì náà. Lazarus fi ìka kan tì í, ó yí. Ìyípo méjì péré ló kù kó bọ́.

Wọ́n gba iṣẹ́ àyẹ̀wò lọ́wọ́ Ràsákì, wọ́n sì fi Lazarus sí yàrá irinṣẹ́ fún ọdún kan gbáko kí wọ́n tó dá a padà sídìí bàálù. Àwọn kan ní ì bá ti ju pínnì náà sínú ọ̀sà, kó panu mọ́.

Ohun tí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ ni ìyá àgbà kan lára àwọn èrò náà. Bí Lazarus ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà lọ́jọ́ yẹn, ìyá náà rọra tọ̀ ọ́ wá, ó di ọwọ́ rẹ̀ tí gíríìsì kún mú.

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ bá wa tún un ṣe. Ọlọ́run á ṣọ́ ọwọ́ yín."

Lazarus di pínnì náà mú nínú ọwọ́ kejì.