Ẹnu Tí Fùtéínì Fi Ń Tọ́ Epo Wò

Ẹ má dá àwọn ará Sábídì ìlú wa lóhùn tí wọ́n bá ní èmi Sálúúmà ni alágídí ìdílé wa. Fùtéínì àbúrò mi ni. Ó ṣì ń rákò nígbà tí ìyá wa kú, ẹ̀yìn mi ló sì dàgbà sí. Ẹni tí mo pọ̀n, tí mo fún lónjẹ, ṣé n kò lẹ́tọ̀ọ́ láti jágbe mọ́ ọn ni? Mo jágbe mọ́ ọn títí ohùn mi fi há. Kò gbọ́.

Mẹkáníìkì ọ̀kadà ni. Iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gan-an, lódìkejì ọ̀nà, ni mo gbé ààrò mi sí, tí mo ti ń ta búrẹ́dì ọkà bàbà. Ní ìlú wa, ọ̀kadà lẹsẹ̀ gbogbo èèyàn. Òun ló ń gbé aláboyún, òun ló ń gbé ewúrẹ́ relé ọkọ ìyàwó. Ṣùgbọ́n látìgbà tí ogun ti mú kí ilé epo ti ìlẹ̀kùn, inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá títì la ti ń ra bẹntiróòlù, àwọn tó ń tà á ò sì bẹ̀rù Ọlọ́hun. Omi ni, kẹrosíìnì ni, iyanrìn ni, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ ọn. Ọ̀kadà á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ bí arúgbó, á sì kú sínú oòrùn. Ọ̀dọ̀ Fùtéínì ni wọ́n ń tì í wá.

Kì í kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Á ti rọ́bà bọ inú táǹkì, á fẹnu fà á, á jẹ́ kí epo kan ahọ́n rẹ̀ díẹ̀, á tu ú, á wá dájọ́: "Omi." Tàbí kó ní, "Kẹrosíìnì ni wọ́n fi lù ú." Á wá da díẹ̀ sínú ìgò funfun, á gbé e kalẹ̀. Tó bá ṣe díẹ̀, omi á wálẹ̀ sísàlẹ̀ ìgò, epo á lé téńté, gbogbo wa á sì rí i pé òótọ́ ló sọ.

Mo bi í léèrè pé, "Ṣé ìgò yìí ò lè sọ ọ́ fún ẹ láìjẹ́ pé o mu epo?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìgò ń fi nǹkan falẹ̀. Ẹnu ló yá."

"Ẹnu ẹ ń rùn! Gáálíyà ìyàwó ẹ ní ògiri lòun ń kọjú sí tẹ́ ẹ bá ti sùn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mẹ́rin la ti bí báyìí. Ṣé ògiri ló bá a bí wọn ni?"

Bó ṣe máa ń dá mi lóhùn nìyẹn. Mi ò rí ẹni tó lè múnú bí mi kó tún pa mí lẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà bíi tirẹ̀.

Nǹkan kan wà tó máa ń ṣe, tí mo gbà pé ó gbọ́n sí. Kì í fa epo lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni àwọn ọkùnrin wa ń kó ewé gáàtì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí wọ́n ń fa oje rẹ̀ mu díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá sì ti kó o sẹ́nu kò ní tu ú títí oòrùn á fi rọ̀. Bó bá tu ú kó tó tó àkókò, ẹ̀sín dé, wọ́n á ní ọmọdé ni. Nítorí náà, àárọ̀ tí ẹnu rẹ̀ ṣófo ni Fùtéínì fi ń ṣiṣẹ́ táǹkì. Lọ́sàn-án, bíréèkì àti ṣéènì ló ń tún ṣe.

Ọ̀sán ọjọ́ tí Jáábìrì dé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Fùtéínì ti wú bí ẹni pé ó gbé ẹyin há a. Jáábìrì yìí, ọlọ́kadà ni, ọmọ àdúgbò wa, kò níkà nínú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

"Ọ̀gá, ẹ gbà mí, ọ̀kadà mi ti ń wúkọ́."

"Padà wá láàárọ̀."

"Àárọ̀ kẹ̀? Èrò mi wà nínú oòrùn! Àbí gáàtì ti pa ahọ́n yín ni? Kò burú, mo gbọ́ pé ẹnì kan ti wà lẹ́yìn ọjà tó ń tọ́ epo wò báyìí, ahọ́n tiẹ̀ ò kú."

Mo rí i bí ojú àbúrò mi ṣe yí padà. Ó nawọ́ mú rọ́bà.

Mo figbe ta. "Fùtéínì! Tu ewé yẹn dànù ná!"

"Oje rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ yí búrẹ́dì yín padà, ó ń jóná."

Ó ń jóná lóòótọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti yí i, ikọ́ ni mo gbọ́. Ẹnu tí ewé ti gbà, ibo ni epo fẹ́ gbà? Ewé yẹ̀ lọ sí ọ̀fun, ó mí kanlẹ̀ kó lè fi ikọ́ tì í jáde, epo bá gba ọ̀nà èémí wọlé. Ó wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni, "Omi wà nínú ẹ̀." Orí kunkun! Ó fọ táǹkì Jáábìrì tán kó tó lọ dùbúlẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara rẹ̀ ń jó bí ààrò, èémí rẹ̀ ń dún fín-ín-fín, ètè rẹ̀ ti dúdú. Nọ́ọ̀sì tó wà nítòsí wa fetí sí àyà rẹ̀, ó ní kí a máa gbé e lọ ọsibítù ńlá ní Hodéídà kíá, àwọn ò ní ohun tí wọ́n máa fi ràn án lọ́wọ́ níbí. Kò sí mọ́tò. Jáábìrì ló gbé ọ̀kadà rẹ̀ wá, ojú rẹ̀ pọ́n, kò lè wò mí. A ra epo nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá títì. Ta ni ìbá bá wa tọ́ ọ wò? A dà á sí táǹkì bẹ́ẹ̀. Gáálíyà dúró ti àwọn ọmọ. Jáábìrì wà níwájú, Fùtéínì láàárín, èmi lẹ́yìn, mo wa ọwọ́ mọ́ ọn láyà, mo ń bẹ Ọlọ́hun.

Nígbà tí a dé àárín oko ọkà, ọ̀kadà wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ó kú.

Jáábìrì bú sẹ́kún. "Màmá, mo ti pa á! Èmi ni mo pa á!"

"Pa ẹnu ẹ dé, kó o tún un ṣe!" Mo jókòó sílẹ̀, mo gbé àbúrò mi lé àyà.

Fùtéínì ò lajú. Ó ní, "Ti epo pa." Ó mí. "Tú abọ́ ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀. Rọra o."

Jáábìrì tú abọ́ náà, ibi tí epo ń dúró sí kó tó wọ ẹ́ńjìnnì. Omi ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ń yí bí ìlẹ̀kẹ̀, pẹ̀lú iyanrìn. Ó nù ún. Fùtéínì ní kó yọ idẹ kékeré tó wà láàárín, èyí tí epo ń gba inú rẹ̀ lọ sí ẹ́ńjìnnì. Ihò rẹ̀ ò tó ojú abẹ́rẹ́, iyanrìn sì ti dí i. Fùtéínì nawọ́ gbà á, ó fi í sáàárín ètè, ó fẹ́ ẹ.

Nǹkan kan ò jáde. Ó tún fẹ́ ẹ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú díẹ̀, ó rọ̀. Ìgbà náà ló lajú wò mí, ẹ̀rù ń bà á. Látìgbà tó ti kúrò lẹ́yìn mi, mi ò rí i kí ẹ̀rù bà á rí.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ bá mi fẹ́ ẹ."

Mo gbà á lẹ́nu rẹ̀, mo fẹ́ ẹ tagbáratagbára. Epo ta mí létè, iyanrìn fò jáde. Mo gbé e fún Jáábìrì. Bó ṣe ń dè é padà, orí àbúrò mi wúwo lé mi léjìká, fín-ín-fín yẹn sì dákẹ́. Mo gbọ́ bó ṣe dákẹ́. Mi ò sọ fún Jáábìrì. Ó ń fara balẹ̀ ṣe é gan-an, ó ń nu nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan kó tó dè é, bí Fùtéínì ṣe ní kó rọra, mo sì jẹ́ kó ṣe é tán.

Ó ṣí epo, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kadà ta jí, ó ń dún geere.

"Ọ̀gá, ó ti ṣe o!" Jáábìrì ń fò sókè. "Ẹ gbọ́ ọ bó ṣe ń dún! Ẹ jẹ́ ká máa lọ!"

Mo ní kó yí orí ọ̀kadà padà sí Sábídì.