Ìṣó Abẹ́ Àtàǹpàkò

Bàbá Oníbàtà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ìṣó wẹ́wẹ́ lẹ́nu, òòlù lọ́wọ́, tó ń tún bàtà oníbàtà ṣe. Bó bá kan ọ̀kan tán, á ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀, á fi ìka wá a yíká bóyá ìṣó yọrí. Á wá fọ́nnu pé, "Bàtà tó tọwọ́ mi jáde ò gún ẹnikẹ́ni rí." Òótọ́ ni, ẹ má fi dù ú.

Àtọ̀gbẹ ti ń bá a fínra láti ọdún mẹ́fà. Oògùn, ó ń lò ó. Ṣúgà, ó ti fi sílẹ̀, àfi èyí tó ń jẹ níkọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n nílé ìwòsàn, wọ́n ní kó máa yẹ ẹsẹ̀ wò lójoojúmọ́, torí àìsàn náà a máa mú kí ẹsẹ̀ kú tipiri, téèyàn á fi egbò rìn láìmọ̀. Bí ìyàwó ẹ̀ bá ní, "Bàbá, ẹ nasẹ̀ kí n wò ó," á jágbe mọ́ ọn: "Ṣé ìkókó ni mí ni? Mo ti wò ó!" Irọ́ ni. Kì í wò ó.

Lọ́jọ́ Ajé kan, bàtà tirẹ̀ lanu níwájú. Oníbàárà mẹ́ta ti ń kánjú dúró dè é, ló bá kàn án gbà-gbà-gbà, ó sì tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Kò kiwọ́ bọ̀ ọ́. Ta ló ń yẹ bàtà ara ẹ̀ wò? Bó bá ń gún un, ṣebí ara rẹ̀ á sọ fún un!

Lọ́jọ́ karùn-ún, ìyàwó ẹ̀ ní nǹkan kan ń rùn nínú yàrá. Bàbá ní awọ bàtà ni.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì ni ọjọ́ tí wọ́n ń yẹ ṣúgà rẹ̀ wò nílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní kó bọ́ bàtà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Ìyàwó ẹ̀ tẹ̀ ba, ó fà á. Háà! Òórùn náà gba gbogbo yàrá, àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì yíjú kúrò. Nọ́ọ̀sì kiwọ́ bọ bàtà, ọwọ́ ẹ̀ ba ìṣó tó yọrí, tó ti gún àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún Bàbá wọnú.

"Bàbá, ta ló bá yín tún èyí ṣe?"

"Ẹnì kan ládùúgbò wa ni," ìyàwó ẹ̀ yára dáhùn.

Bó ṣe bò ó láṣìírí yẹn ló dun ọkọ ẹ̀ jù. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹni tó pa òwe yẹn, ìyàwó ẹ̀ ò purọ́ nítorí ẹ̀ rí lójú ayé. Bàbá ní kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Ilẹ̀ ò dá a lóhùn.

"Èmi ni," ó ní. "Èmi ni mo kàn án."

Dókítà wò ó, ó mirí. Ó ní àwọn máa gé àtàǹpàkò yẹn; ìyókù ẹsẹ̀ náà, àwọn á sa gbogbo ipá àwọn.

"Ẹsẹ̀ òsì ńkọ́?" nọ́ọ̀sì bi í. "Ṣé ẹ ti wo abẹ́ ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí?"

Irọ́ tún sáré wá sẹ́nu ẹ̀. Ó gbé e mì.

"Ìyá àwọn ọmọ mi," ó ní, kò lè gbójú sókè, "ikùn mi ò jẹ́ kí n lè tẹ̀ débẹ̀ mọ́. Ọdún kẹta rèé. Ojú ló ń tì mí. Jọ̀ọ́, bá mi wò ó."