Obìnrin Tó Ń Kọrin Nídìí Ẹ̀rọ Fọlábí

Bí ẹ bá ń gba Ìdófin kọjá ní Igbó-Ọrà, tí ẹ gbọ́ obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ kọrin láàárín òórùn ẹ̀gẹ́, ẹ má wulẹ̀ dààmú. Ibi ẹ̀rọ Fọlábí lẹ dé yẹn, inú sípíkà rẹ̀ ni obìnrin náà ti ń kọrin. Òun ló ń bá àwọn obìnrin rin ẹ̀gẹ́ kí wọ́n tó yan án ní gaàrí, ó sì fẹ́ràn họ́ọ̀sì, orin ilé ijó ayé ọjọ́un, ju ẹran ìgbẹ́ lọ.

Èkó ló ti kó àrùn náà. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ijó kan níbẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kó wọlé. Ìlù nìkan ló ń la ògiri kọjá wá bá a, gbì, gbì, gbì, gbì, kò yára, kò falẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ti ṣílẹ̀kùn, ohùn obìnrin á tú jáde, dùùrù á máa sáré tẹ̀lé e, Fọlábí á sì gbàgbé pé ebi ń pa òun. Ọdún mẹ́ta ló fi gbọ́ orin ní àbọ̀-àbọ̀ báyìí. Lọ́jọ́ tó ra kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, tó gbọ́ odidi orin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sunkún. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́, ojú kì í tì í.

Àfi ọjọ́ tí Màmá Táíwò, olórí àwọn tó ń yan gaàrí, ní òun ti gbọ́ orin obìnrin ará Amẹ́ríkà yìí tó.

"Bó ṣe ń ké yìí, ta ló mọ̀ bóyá èpè ló ń ṣẹ́? Fọlábí, túmọ̀ ohun tó ń wí fún wa. Bí kò bá ṣeé gbọ́ sétí, a ó máa gbé ẹ̀gẹ́ wa lọ sí Pàkó."

Ẹ̀rọ tuntun wà ní àdúgbò Pàkó lóòótọ́. Bí Màmá Táíwò bá sì lọ, kò sí agbọ̀n kan tó máa ṣẹ́kù sẹ́yìn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé orin náà gba ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, gbólóhùn mẹ́rin péré ló sì wà nínú rẹ̀. Méjì ló yé Fọlábí nínú Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún: obìnrin náà ní ọkùnrin òun ti lọ, òun á sì jó. Ìyẹn ò tó kó fi dá ogún obìnrin lóhùn. Ló bá tan sípíkà rẹ̀, ó jókòó sórí àpò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bù mọ́ ọn.

"Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ìyá mi. Ó ní ọkọ òun dágbére ọjà Tápà láàárọ̀, kò sì padà mọ́."

Àwọn obìnrin náà mí kanlẹ̀.

"Ó ní ọ̀kadà ló gùn lọ. Owó gaàrí òun ni wọ́n sì fi ra ọ̀kadà ọ̀hún."

"Wọ́n ń yan gaàrí ní Amẹ́ríkà?" Làtíífàt, tó jókòó sítòsí ẹ̀rọ, ló bèèrè.

"Kí ni wọn ò ní ṣe níbẹ̀?" Fọlábí ò wo ojú rẹ̀. "Ó ní ẹbí ní kóun jókòó sílé kóun máa retí. Ó retí títí, ó sú u. Ló bá wẹ̀, ó lé tìróò, ó jáde lọ jó."

Irọ́ náà dùn lẹ́nu rẹ̀ débi pé kò rí i pé ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bẹ ẹ̀gẹ́ ti dúró lọ́wọ́ gbogbo wọn. Màmá Táíwò ni wọ́n ń wò. Ìgbà yẹn ló tó rántí. Bàbá Táíwò ló dágbére ọjà Tápà lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, lórí ọ̀kadà tí ìyàwó rẹ̀ rà. Níbi tí Fọlábí ti ń wá irọ́ kiri, ọ̀rọ̀ ilé onílé tó ti ń gbọ́ nídìí ẹ̀rọ ló kó jọ. Ìtìjú mú un. Ó nawọ́ kó pa orin.

"Fi sílẹ̀," ni Màmá Táíwò wí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. "Ọkọ ọ̀hún, ṣé ó padà?"

Fọlábí tẹ́tí sí sípíkà. Obìnrin inú orin náà ti fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ohùn nìkan ló kù, ó ń gòkè lọ, ìlù ò sì fi í sílẹ̀. Ibí yìí ò nílò àbùmọ́.

"Mi ò mọ̀, Màmá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣe yẹn. Kò wo ọ̀nà mọ́."

Màmá Táíwò gbọ́ ọ títí. Lẹ́yìn náà ó fa agbọ̀n ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sún mọ́ sípíkà, ó mú ọ̀bẹ.

"Gbé ohùn ẹ̀ sókè," ló ní.